Òjò Ń Rọ̀ Lójú Fèrèsé, Ìwọ Ń Ya Àwòrán Òjò

Àbẹ̀kẹ́, jókòó. Má jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. Fa àpótí yẹn mọ́ra, kó o wá bá mi ṣa ẹ̀wà yìí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ ti ń jẹ mí lẹ́nu láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìwọ náà sì mọ̀, torí láti ọjọ́ náà lo ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ tó yìí, wàá gbọ́ ọ lónìí.

Ṣé o rántí pé èmi ni mo gbé kúlà oúnjẹ tó o gbàgbé wá bá ọ nílé ẹ̀kọ́? Kí n tó kan ilẹ̀kùn, mo kọ́kọ́ yọjú wo kíláàsì. Ẹ̀yìn lo kọ sí mi. O ya nǹkan kan sójú pátákó, ó dà bí ìgò tó dé fìlà, o wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èlò tí a fi ń wọn òjò nìyí. Gbogbo ọmọ doríkodò, wọ́n ń dà á kọ. Òjò sì ń rọ̀! Òjò gidi, tó ń lu páànù débi pé ńṣe lò ń pariwo kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́ ọ. Ọmọ kan ṣoṣo, ọmọkùnrin kékeré kan tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ló na ọwọ́ síta, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbe omi òjò. O rí i, o ní, "Fa ọwọ́ rẹ wọlé, kó o kọ nóòtì rẹ." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ kúlà mọ́ ọ. Nínú gbogbo kíláàsì yẹn, ọmọ yẹn nìkan ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ òjò.

Ẹ̀rín lò ń rín. Rín in, èmi ò tíì débi ẹ̀rín.

O ní, "Mọ́mì Ṣógúnlé, ẹ má bínú, ilé ẹ̀kọ́ wa ò ní irinṣẹ́, kò sì sí dátà." Dátà! Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ ò mọ dátà míì ju èyí tí ẹ ń rà sórí fóònù. Èyí tí mò ń wí ń bọ́ láti orí páànù. Iye òjò tó rọ̀ lánàá, bí oòrùn ṣe mú tó lọ́sàn-án, ibi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ wá àti aago tó fẹ́: ohun tí ẹnì kan bá fojú rí, tó wọ̀n, tó sì kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò rẹ̀, dátà nìyẹn. Ṣé alájọ bíi tèmi ló yẹ kó máa sọ èyí fún tíṣà?

Àní alájọ. Na ọwọ́ mú káàdì yẹn fún mi. Wò ó, ojú ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan nínú oṣù. Wọ́n máa ń sọ pé orí ẹnì kan pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, tó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láì kọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Orí tirẹ̀ nìyẹn. Tèmi ò pé tó bẹ́ẹ̀, káàdì ni mo fọkàn tán. Ti Ìyá Alákàrà lo mú dání yẹn, ti oṣù Òkúdu. Ìlà, ìlà, ìlà, òfo, òfo, ìlà, òfo. Bó o bá mọ káàdì í kà, o ti mọ ọjọ́ tí òjò àárọ̀ rọ̀, torí lọ́jọ́ tí òjò bá ti rọ̀ láàárọ̀, kì í dáná àkàrà. Ṣùgbọ́n mú ti ọmọkùnrin tó ń ta agboòrùn ní ìsàlẹ̀ bíríìjì Òṣódì, tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ti alákàrà ṣófo gan-an ni tirẹ̀ kún. Káàdì méjì péré, òjò oṣù náà ti ń wò ọ́ lójú. Ẹnikẹ́ni ò kọ "òjò" sí ibì kankan níbẹ̀ o.

Kí ló tiẹ̀ mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òjò sílẹ̀ fúnra rẹ̀? Omi ló kọ́ mi. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ kẹwàá oṣù Agẹmọ ọdún 2011, ìwọ ṣì wà ní pámárì. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò dá. Èkó kún bámúbámú. Omi gọ́tà gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá, ó bá àpótí káàdì mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo íǹkì yọ́ pátá. Odindi oṣù kan ni èmi àti àwọn oníbàárà fi jọ ń ṣírò ohun tí kálukú ti dá, mo sì san gbèsè tí mi ò jẹ. Bùọ̀dá kan wà tó ń dá àjọ lọ́dọ̀ mi nígbà náà, iṣẹ́ ojú ọjọ́ ló ń ṣe ní Òṣódì. Nígbà tó wá kí mi kú ìrọ́jú, ó ní òjò ọjọ́ náà lé ní 200 mìlímítà. Mo ní, "Bùọ̀dá, mìlímítà wo? Ṣé ti inú rúlà àwọn ọmọléèwé?" Ó ní òun ni. Mo ní kó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mìlímítà 200 ò gùn ju ọ̀bẹ ìgéfọ́ mi lọ. Ṣé òun ló máa gba àpótí lọ́wọ́ mi? Ló bá fa àga, ó ní kí n mú bírò wá.

Ó ní bí òjò mìlímítà kan bá dúró lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lítà omi kan géérégé ni. Ká ní òrùlé ilé yìí jẹ́ mítà mẹ́wàá níbùú, mẹ́wàá lóròó. Mìlímítà kan péré lórí rẹ̀ ti di 100 lítà, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin onílítà 25. Àádọ́ta mìlímítà, tí òjò ọ̀sán kan lè rọ̀ nínú oṣù Òkúdu, á di kẹ́ẹ̀gì 200. Ti ọjọ́ Àìkú yẹn ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì 800 ó lé, lórí òrùlé kan ṣoṣo! Àbẹ̀kẹ́, ọmọlanke mélòó ni méruwà máa tì kí wọ́n tó kó kẹ́ẹ̀gì 800 dé ẹnu ọ̀nà ẹnì kan? Wá ka òrùlé láti Ṣógúnlé yìí dé ibùdókọ̀ PWD, sọ gbogbo rẹ̀ di kẹ́ẹ̀gì, kó o wá bi ara rẹ bóyá gọ́tà tí wọ́n ti da ọ̀rá omi sí lè gbé e. Òjò ọdún kan gbáko ní Èkó ò ju nǹkan bí 1,500 sí 1,800 mìlímítà. Èyí tó rọ̀ lọ́jọ́ kan yẹn lé ní ìdámẹ́wàá rẹ̀. Mo ní ìdámẹ́wàá ẹni tí kò lè dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, ọ̀run ló wá fún un nílé.

Ọmọ pámárì márùn-ún lè ṣe ìṣirò yẹn. Kò ní sùn nídìí rẹ̀, torí òun ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì náà láràárọ̀. Ọrùn rẹ̀ mọ ohun tí 25 jẹ́.

O ní kò sí irinṣẹ́, àbí? Dìde, yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ìgò oníke lásán ni mo gé, olómi lítà kan ààbọ̀. Ibi tí ọrùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ínrín ni mo gé e, mo wá da ọrùn náà délẹ̀ sínú rẹ̀ bí àrọ, kí oòrùn má bàa fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ ìgò gbọ́dọ̀ gún régé. Èyí tó ní ìbàdí, irọ́ ni yóò máa pa fún ọ. Ìdí ìgò ò tẹ́jú, torí náà mo kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, mo bu omi díẹ̀ lé e títí ó fi kan ibi tí ìdí náà ti gún, ibẹ̀ ni mo fi òdo rúlà sí. Àwọn òkúta náà ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Gbogbo rẹ̀ ò ná mi ní kọ́bọ̀, àfi rúlà tí mo jí nínú báàgì rẹ, má bínú.

Mo ṣe àṣìṣe tèmi náà. Níbẹ̀rẹ̀, abẹ́ etí òrùlé ni mo gbé e sí, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ gbá a. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó kún dẹ́nu. Mo pe bùọ̀dá ojú ọjọ́ pé ìkún omi Nóà ti dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ibo ni mo gbé e sí? Omi tí gbogbo òrùlé kó jọ ni mo ń wọ̀n, mo ń pè é ní òjò. Ó ní kí n gbé e jìnnà sí ilé àti igi, kí n máa kà á ní aago kan náà láràárọ̀, kí n dà á padà sí òdo, kí n sì máa kọ 0 sílẹ̀ bí òjò ò bá rọ̀.

Òdo yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó o gbọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọjọ́ tí òjò ò rọ̀, kò sí ohun tí à ń kọ. Òfo yàtọ̀ sí òdo, ọmọ mi. Òfo ni pé mi ò wò ó. Òdo ni pé mo wò ó, kò sí nǹkan níbẹ̀. Nídìí àjọ, ìyàtọ̀ méjèèjì ti dá ìjà sílẹ̀ lójú mi rí: ṣé o kò dá owó ni, àbí èmi ni mi ò wá? Bí ọmọ kan bá jáde ní kíláàsì rẹ tó mọ ìyẹn nìkan, o ti ṣe é lóore ju nóòtì ojú ìwé mẹ́wàá lọ.

Jẹ́ kí rélùwéè yìí kọjá ná. Ariwo rẹ̀ ò jẹ́ kí èèyàn báni wí dọ́kàn.

Ẹn-ẹ́n. Wàá ní ta ló mọ̀ bóyá ìgò oníke ń purọ́. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí Òṣódì fi wà. Ibi tí à ń fẹsẹ̀ rìn dé láti Ṣógúnlé yìí, ibẹ̀ ni ibùdó ojú ọjọ́ wà, ti NiMet, àjọ tí òfin ọdún 2003 dá sílẹ̀ láti máa rí sí ojú ọjọ́ Nàìjíríà. Ibẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ojú ọjọ́ wà, WMO, àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé, sì kà á mọ́ ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ti ibòmíràn wọkọ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ìwọ tó o lè gbọ́ fèrè ọkọ̀ Òṣódì láti kíláàsì rẹ, o ò mú ọmọ kan débẹ̀ rí. Kọ lẹ́tà. Jẹ́ kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín fọwọ́ sí i. Kí àwọn ọmọ rí àpótí funfun tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí ara rẹ̀ rí bíi fèrèsé onílúfà, tí wọ́n fi tẹmómítà pamọ́ sí fún oòrùn. Kí wọ́n béèrè iye òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ tí àwọn náà wọn tiwọn.

Iye méjèèjì ò ní bára mu, gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin á ní 18, Òṣódì á ní 31. Má wí fún ọmọ kankan pé ó kùnà. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ìgò tẹ̀ ni? Ṣé igi ló bò ó? Àbí òjò ló yan àdúgbò? Ìwọ náà ti wà nínú dánfó rí tí òjò ń lù yín ní Òṣódì, tó o sọ̀ ní Ṣógúnlé tí eruku ń sọ. Òjò wa kì í ṣe aṣọ tí wọ́n tẹ́ kárí ilẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, Òṣódì á ní 0, ìgò tiyín á ní 40. Ọmọ kan ló bu omi sí i. Ọmọ Ṣógúnlé ni wọ́n, mo mọ̀ wọ́n. Má na ẹnikẹ́ni. Ní kí kíláàsì fi àkọsílẹ̀ wádìí ẹ̀, bí mo ṣe ń mú oníbàárà tó bá fi bírò ara rẹ̀ fa ìlà kún káàdì: mo máa ń wo ti aládùúgbò rẹ̀.

Ní òpin oṣù, kí wọ́n kó ìdérí ìgò jọ. Ìdérí kan dúró fún mìlímítà mẹ́wàá, kí wọ́n tò wọ́n lórí páálí, òpó kan fún oṣù kan. Ọdún ò ní yí po kí wọ́n tó rí òkè méjì: Òkúdu á ga jù, Ògún á wọlẹ̀, Owewe àti Ọ̀wàrà á tún gòkè. Àgbájọ òjò ń tẹ̀lé oòrùn lọ sápá àríwá, ó gba ojú wa lọ, ó tún gba ojú wa bọ̀. Àwọn tó sọ oṣù náà ní Ọ̀wàrà ò ní rúlà, ọ̀wàrà òjò ni wọ́n rí lọ́dọọdún tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò burú kí ọmọ fi ìdérí ìgò wádìí ọ̀rọ̀ baba rẹ̀. Wàá ní ẹ máa wà ní ìsinmi nínú oṣù Ògún, ta ni yóò máa ka ìgò? Ọmọ tó na ọwọ́ síta yẹn ni kó o gbé e fún.

Àwọn ọkọ̀ òfurufú tó ń gba orí wa kọjá yìí náà, èébú ni mo fi ń kí wọn tẹ́lẹ̀ nítorí ariwo, àfìgbà tí bùọ̀dá kan náà sọ fún mi pé ọkọ̀ òfurufú máa ń kojú afẹ́fẹ́ bó bá ń balẹ̀. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ń sá lé ní Ìkẹjà, láti àríwá sí gúúsù ló nà. Afẹ́fẹ́ òkun ló sì ń fẹ́ wa jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń ti àríwá wá balẹ̀, kí wọ́n lè kojú sí i. Bí ọyẹ́ bá dé, tí afẹ́fẹ́ ń ti àríwá wá, lọ́jọ́ mìíràn wàá rí i tí wọ́n yí ojú padà. Kí ọmọ kan máa kọ ọ́ sílẹ̀ lásìkò ìsinmi ọ̀sán. Pápá ọkọ̀ náà sì ń kéde ojú ọjọ́ rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, DNMM ni orúkọ Èkó níbẹ̀. Ìlà ọ̀rọ̀ kan péré ni, ó jọ àṣírí àwọn ọlọ́dẹ. Bó o bá rí 22010KT, afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti ìhà 220 nínú òbíríkítí 360, láàárín gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, eré rẹ̀ sì jẹ́ nọ́ọ̀tì 10. Bó o bá rí 31/24, ooru wà ní 31, bó bá sì tutù dé 24, ìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀. Dátà tí ìyẹn máa jẹ lórí fóònù ò tó èyí tó o fi ń wo àwọn tó ń jó.

Má rò pé mo ti ń darúgbó ni mo ṣe ń sọ èyí. Láti 1994 ni Al Gore, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ti kéde ètò kan tó ń jẹ́ GLOBE, tí àwọn ọmọléèwé fi ń wọn òjò, tí wọ́n ń wo ìkùukùu, tí wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́. Ó ti lé ní 100 orílẹ̀-èdè báyìí, Nàìjíríà wà níbẹ̀. NASA ń fi ìkùukùu tí ọmọ kan rí láti ilẹ̀ wé èyí tí sátẹ́láìtì rí láti òkè. Àwọn TAHMO náà wà, tí ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, ọ̀kan láti Delft ní Netherlands, èkejì láti Oregon ní Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀: ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ojú ọjọ́ sí, ní Ghana, ní Kenya, kí tíṣà lè máa fi iye tó bá jáde kọ́ ọmọ.

Kì í sì í ṣe òjò nìkan. Ìgbà tí ará ojúlé kejì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wọ́n da ohun tí ẹ̀rọ hú jáde sílẹ̀ ní ìdì, ìdì: iyanrìn pupa, lẹ́yìn náà amọ̀, lẹ́yìn náà iyanrìn funfun kinní kan bí iyọ̀. Inú ilẹ̀ Ṣógúnlé ló tò sílẹ̀ lójú títì yẹn! Tíṣà mẹ́ta ló kọjá lára rẹ̀, ìwọ wà nínú wọn, o sì fi aṣọ bo imú. Ohun tó o wá lọ fi kọ́ àwọn ọmọ ni òkè ayọnáyèéfín ilẹ̀ Japan. O tún sọ fún wọn pé ilẹ̀ ò lè mì lọ́dọ̀ wa. Ní ìdájí ọjọ́ 11 oṣù Owewe ọdún 2009, ta ló jí àwọn ará Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn lójú oorun? Ilé iṣẹ́ tó ń gba ìró ilẹ̀ sílẹ̀ wà ní Toro, ní Bauchi. Wọ́n ní ẹ̀rọ ní Ilé-Ifẹ̀ pàápàá.

Mo gbà pé kò rọrùn. Ọmọ lé ní ọgọ́ta ní kíláàsì kan, ẹni tó ń bọ̀ wá yẹ ọ́ wò, nóòtì ló máa kà, kò ní wo ìgò. WAEC ń bọ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, owó oṣù náà ò sì tó nǹkan. Mi ò ní kó o pa nóòtì tì. Mo ní kó o fi ìṣẹ́jú márùn-ún àárọ̀ ka ìgò, kí ọmọ kan kọ iye rẹ̀ sí igun pátákó. Má sì lọ kó àkọsílẹ̀ ọgbọ̀n ọdún lé àwọn ọmọ pẹ́ńpẹ́ lórí o, mo mọ àṣejù rẹ. Ìgò kan, iye kan, lójúmọ́ kan.

Kí lò ń wò lókè? Ìwọ náà ti rí i. Ó ti ṣú dùdù lápá Ìlúpéjú. Ìlà-oòrùn nìyẹn, ibẹ̀ ni òjò oníjì ti máa ń wá. Fóònù rẹ dà? Pe ìyá rẹ ní Ìbàdàn, kí i fún mi, bi í bóyá òjò ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní kí ni? Aago kan? Ó dáa. Nǹkan bí 120 kìlómítà ni Ìbàdàn sí ibí, ẹ̀yin ọmọ kíláàsì rẹ ni kí ẹ ṣírò eré tó sá. Má gbé ẹ̀wà sílẹ̀, gbé e wọlé. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ ti kan páànù, ṣé o gbọ́ ọ? Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Kọ ọ́ sílẹ̀ ná kó o tó sáré lọ ká aṣọ. Bírò wà lórí àpótí àjọ.